Abẹ́rẹ́ Lọmọ Mi Fi Ń Jẹun

Ẹnikẹ́ni tó bá bi Màmá pé iṣẹ́ wo lọmọ ẹ̀ ń ṣe, èsì kan náà ni: "Abẹ́rẹ́ lọmọ mi fi ń jẹun." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bù sí i, torí télọ̀ lọmọ náà lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níwájú ilé: maṣíìnì méjì, dígí gígùn kan, kọ́tìnnì tí wọ́n ń bọ́ṣọ lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá yẹn ń sọ. Kí ọmọ yẹn tó fi búrẹ́dì sẹ́nu, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ikùn ẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó ń mú ọmọdé, tí ara ò ní ínsúlínì tiẹ̀ rárá, àfi kéèyàn máa gún un sára títí ayé.

Bàbá ò mọ̀. Ọdún kan kí àìsàn náà tó dé ló ti lọ sí òkè òkun. Òun ló sọ ọmọ náà ní Ṣúgà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí ẹ̀rín ẹ̀. Títí dòní, tó bá pè lórí fóònù, "Ṣúgà mi dà?" ló máa kọ́kọ́ bi wọ́n, Màmá á sì dojú kọlẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún Màmá pé wọn kì í gba aláìsàn wọlé lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tó bá sì gbọ́ pé àwọn tòun ò ní lè wá, ṣé kò ní wá ẹni tó lè wá ni? Bí Màmá ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà mì nìyẹn. Ó ti di ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí wọ́n dá o. Dókítà ní kí Ṣúgà máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá ní, síbo? Ká gbé ìwé àìsàn kalẹ̀ kí kọ́sítọ́mà wá ṣí i? Ni Ṣúgà bá ń kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, bíi pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Màdáámù Olóyin. Ti àárọ̀ á bọ́ sábẹ́ "àyà", tọ̀sán sábẹ́ "ìbàdí", tìrọ̀lẹ́ sábẹ́ "ìdí". Odidi ọdún mẹ́fà. Kọ́sítọ́mà kan tiẹ̀ fa ìbínú yọ lọ́jọ́ kan: "Ta ni Màdáámù Olóyin tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀n lójoojúmọ́ yìí, tí bùláòsì tèmi fi pé oṣù méjì?"

Ìgbà tí lẹ́tà wá dé pé kí ìyá àti ọmọ wá ṣe àyẹ̀wò ara lọ́jọ́ Túsìdeè fún físà tí Bàbá ń bá wọn gbà, ṣe ni Bàbá ń pariwo lórí fóònù. "Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù tèmi o! Wọ́n ní ṣé àìsàn kankan ń ṣe ìyàwó mi tàbí ọmọ mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: RÁRÁ. Mo fọwọ́ sí i. Ṣúgà mi, ó ku ẹsẹ̀ kan!"

Fáìlì kan ṣoṣo ni ti àwọn méjèèjì. Tí ti ọ̀kan bá dúró, ti èkejì ò lè rìn.

Ṣúgà sọ ọ́ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì nígbà tó lọ gba ínsúlínì. Obìnrin yẹn ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún un lọ́mọdé. Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ta ló ní wọ́n máa lé ẹ? Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ò ń tọ́jú ara ẹ. Wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí dókítà kọ lẹ́tà fún ẹ. Kó o sì mú ìwé tó ò ń kọ ṣúgà sí dání." Ṣúgà mi orí. Kò lè sọ pé orúkọ ẹlòmíì ló wà lára ìwé ọ̀hún.

Ló bá délé, ó ṣàlàyé.

"Lẹ́tà kẹ̀?" ni Màmá wí. "Kó o fọwọ́ ara ẹ gbé e fún wọn?"

"Mọ́mì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní..."

"Nọ́ọ̀sì ní ọkọ nílé. Èmi, ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń sùn ti fóònù." Ó fa àga jókòó. "Gbọ́ mi. Láti ọ̀sán Mọ́ńdè, má fẹnu kan nǹkan kan. Ohun dídùn tí ò bá wọlé, kò lè jáde nínú ìtọ̀."

"Kì í ṣe bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, mà."

"Báwo ló wá ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ṣúgà ò lọ gba lẹ́tà. Ó gún abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè bó ṣe máa ń gún un, torí ó mọ̀ pé tóun bá fò ó, ọsibítù lòun á ti jí. Ṣùgbọ́n kò jẹun, bẹ́ẹ̀ láìsí oúnjẹ, abẹ́rẹ́ náà á máa fa ṣúgà ara wálẹ̀ títí dọjọ́ kejì. Ó kàn rọra ti ìwé ìwọ̀n mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ báàgì, kò mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ilé àyẹ̀wò kún dẹ́múdẹ́mú. Kò sí àga tó ṣófo, bébà nọ́ńbà lọ́wọ́ kálukú. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ni tiwọn, ìyẹn nígbà tí ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà ń pe ìkọkàndínlógún. Báàgì wà lórí ẹsẹ̀ Màmá, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Inú ẹ̀ ni súìtì tí Ṣúgà máa ń jẹ tí ṣúgà ara ẹ̀ bá wálẹ̀ jù wà.

Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo Ṣúgà, òógùn tútù.

"Mọ́mì, ẹ fún mi ní báàgì."

"Ó ku díẹ̀. Wọn ò tíì gba ìtọ̀."

"Ara mi ń gbọ̀n."

"Ara gbogbo èèyàn ló ń gbọ̀n níbí."

Ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà di méjì lójú ẹ̀. Ó fẹ́ ka àga tó wà níwájú, bó ṣe máa ń ka bọ́tìnnì, iye wọn ò dúró sójú kan. Ló bá yọ̀ wálẹ̀ látorí àga, wẹ́rẹ́, bí aṣọ tó bọ́ lórí ìkọ́.

Màmá figbe ta. "Ṣúgà! Ẹ gbà mí, ṣúgà! Ẹ fún un ní ṣúgà!" Àwọn kan rò pé orúkọ ọmọ ẹ̀ ló ń pè. Ó já báàgì, ló bá ń ti súìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu tòun ti bébà ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tiwọn ò tiẹ̀ pé ogún. Ẹnu ẹni tó pa irọ́ náà lòótọ́ gbà jáde.

Nígbà tí ojú Ṣúgà là, wọ́n mú un wọlé sọ́dọ̀ dókítà, bàbá àgbàlagbà kan. Fọ́ọ̀mù wà níwájú ẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kò sí àìsàn kankan."

"Àtọ̀gbẹ ni, sà. Ọdún mẹ́tàlá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é lórúkọ lójú àlejò.

"Lẹ́tà dókítà rẹ ńkọ́?"

Kò sí. Ló bá kó ìwé mẹ́ta jáde. Bàbá yẹn ṣí ọ̀kan, ó sún un mọ́ ojú. "Àyà, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìbàdí, àádọ́jọ. Ìdí, igba." Ó gbójú sókè. "Ọmọ mi, ṣé èèyàn lẹni yìí?"

"Èmi ni, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí i lọ, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. "Mo gbà ẹ́ gbọ́," ló wí níkẹyìn. "O tọ́jú ara ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n Màdáámù Olóyin lo tọ́jú níbí, òun kọ́ ló fẹ́ rìnrìn àjò. Gba lẹ́tà wá. Kọ ṣúgà rẹ fún oṣù mẹ́ta sórúkọ ara ẹ. Kí ẹni tó sì kọ 'rárá' sí fọ́ọ̀mù yìí kọ̀wé ìdí tó fi kọ ọ́. Bóyá wọ́n á gbà á, mi ò mọ̀."

"Ti màmá mi ńkọ́, sà?"

"Fáìlì kan ni."

Wọ́n padà sílé. Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá pè. Màmá tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta, ó gbé e sórí tábìlì ìgéṣọ, ó sún sẹ́yìn.

"Ṣúgà mi dà? Báwo ló ṣe lọ?"

Ṣúgà sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tẹ́ ẹ lọ, Dádì."

"Gbogbo ìgbà tí mo ń pè ẹ́ ní..." Kò parí ẹ̀. Ó wá rọra sọ pé, "Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n á ní mo purọ́."

"Dádì Ṣúgà, èmi ni mo ní kó fi pa mọ́," ni Màmá wí láti ìdí kọ́tìnnì. "Kì í ṣọmọ."

"Mo gbọ́." Ìgbà náà ló wá pe ọmọ ẹ̀ lórúkọ, orúkọ gígùn tó wà lórí fọ́ọ̀mù, èyí tí kò fẹnu ẹ̀ pè rí. Ó ní ó dàárọ̀. Ó gé fóònù.

Ṣúgà wọn ara ẹ̀, ó gún abẹ́rẹ́. Màmá gbé búrẹ́dì wá, kò gbójú kúrò bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni Ṣúgà mú ìwé tuntun, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó kọ orúkọ yẹn sókè. Ó wò ó títí. Bí orúkọ kọ́sítọ́mà tí wọn ò tíì wọ̀n rí ló ṣe rí lójú ẹ̀.