Owó Pátákó

Nínú ẹgbẹ́ àwa tí ń gé dígí awò ojú, ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ a máa wọ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ wá sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́ láàárọ̀, a sì dúró síwájú pátákó tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń lẹ ìwé mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá òṣìṣẹ́. Ìyàwó mi ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká tó rí owó ilé san. Mo nílò iṣẹ́.

Àsìkò yẹn ni alága wa, tí a ń pè ní Baba Òfin, ṣòfin pé oníṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ lẹ ìwé yóò kọ́kọ́ sanwó. Ó ní ọ̀fẹ́ ti ba iyì ẹgbẹ́ jẹ́. Kò pẹ́ tí pátákó fi mọ́ foo bí àtẹ́lẹwọ́. Alága yin ìmọ́tótó rẹ̀ nípàdé. A pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá alága fúnra rẹ̀ níwájú pátákó, tòun ti épírọ́ọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé. Ó ní òun kàn wá wò ó bóyá àwọn píìnì ti dípẹtà ni. Mo bá a wò wọ́n.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù awò ní òdìkejì títì fi wọlé, tí wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa gé awò. Alága ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó pátákó.

“Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. N kò lẹ nǹkan kan.”

“Ẹnu náà pátákó ni, mà.”

Ìyá wò ó títí. “Tébi bá wá ń pa mí ńkọ́, ta ni kí n sanwó fún kí n tó sọ ọ́?”

Wọ́n bọ́ síta. Mo tẹ̀lé wọn. Alága ń ka owó ìtanràn sí mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, mo ti jókòó ti ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá.

Lọ́jọ́ kejì, alága yọjú. Mo rò pé owó ìtanràn ló wá gbà. Ó kí ìyá, ó wolẹ̀, ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ààyè ṣì kù.

“Ààyè kan kù,” ni ìyá wí. “Ṣùgbọ́n n kò tíì san owó pátákó.”

Alága mú owó nínú àpò ara rẹ̀, ó kó o sínú àpò kejì, tí í ṣe ti ẹgbẹ́, ó sì já rìsíìtì fún ìyá. Ó tọrọ bébà lọ́wọ́ mi, ó kọ iṣẹ́ náà sí i, ó sì sọdá títì. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó lẹ ìwé náà, tó sún sẹ́yìn, tó kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Nígbà tó padà dé, ó kanlẹ̀kùn.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo rí ìwé yín lára pátákó.”