Òòyì Lásán Ni

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sàfúrátù ṣubú lójú ìyá rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ omi ni, nínú àgbàlá ilé tí wọ́n ń gbé ní Ashanti New Town, ní Kumasi. Kò kígbe, kò nawọ́ wá ohun tí yóò dì mú. Ètè rẹ̀ ló kọ́kọ́ funfun, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ lọ tòun ti garawa. Sùwéébátù, ìyá rẹ̀, figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ti dákú!" Obìnrin Hausa tó ń ta kókó, ògì gbígbóná, lẹ́nu ọ̀nà sáré wọlé, ó ní, "Subhanallahi! Ta suma!" Ama, ìyá onílé, ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀: "Ei! Watɔ piti!" Ẹnu mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan náà. Kí wọ́n tó rí omi bù sí i lójú, ọmọ ti lajú, ó ń béèrè ẹni tó da omi òun nù.

Nírọ̀lẹ́, Sànúsí, baba Sàfúrátù, ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Race Course dé, wọ́n rò fún un pé ó dákú.

"Òòyì ni," ó ní. "Òòyì lásán ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí."

Ẹ má tíì bú u. Kò pẹ́ mọ́ tí wọn yóò so yìgì Sàfúrátù àti Táhírù, mẹkáníìkì kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Bantama. Ẹni tó bá sì jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé kí ìdílé kan tó gbé ìyàwó, wọn yóò ti wádìí lábẹ́lẹ̀: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ìṣubú Sàfúrátù kò jọ wárápá rárá, kò gbọ̀n jìnnìjìnnì, ẹnu rẹ̀ kò yọ ìfófòó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé? Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọbìnrin kan ń dákú, wọ́n ti gbọ́ èyí tó tó wọn. Sànúsí mọ àwọn èèyàn rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù ju àìsàn ọmọ rẹ̀ lọ.

Sùwéébátù ìbá bá a fà á, àmọ́ àlejò ló jẹ́ ní Kumasi. Ọ̀ffà ló bí Sàfúrátù sí. Ọmọ ọdún méje ló wà tí baba rẹ̀ mú un wá sí Ghana, ìyá sì dúró lẹ́yìn láti tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀, títí ìyá àgbà fi papò dà. Èṣí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó bá ọmọ tó ti ga jù ú lọ, tó ń fi Twi, èdè ìlú náà, rẹ́rìn-ín, tó sì ń fi Twi sọ̀rọ̀ lójú oorun. Òun fúnra rẹ̀, bó bá kúrò ní "medaase," ìyẹn ẹ ṣé, àti irú rẹ̀ bíi mélòó kan, kò sí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ti Sùwéébátù tún wá le, etí tó ní náà kò fi gbọ́ràn.

Ama ló kó jìnnìjìnnì bá a. Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ayálégbé rẹ̀. Nígbà tí Sàfúrátù tún ṣubú, nídìí iná èédú lọ́tẹ̀ yìí, Ama fa ìyá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé.

"Maame Safura, gbọ́. Yaw, àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Piti, piti, piti. A ní ebi ni, a ní oòrùn ni. Ọkàn rẹ̀ mà ni! Nígbà tá a fi gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Sọ fún dókítà pé ó tɔ piti. Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo àyà rẹ̀. Bó ò bá sọ ọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á fún un."

Láti ọjọ́ náà, Sùwéébátù kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbádùn, àfìgbà tó gbà pé kí wọ́n lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n lọ. Dókítà ibẹ̀ kò tíì dàgbà, èrò sì ti sú u. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Bàbá Sàfúrátù, ẹ sọ fún un pé ó dákú," Sùwéébátù wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì, lójú mi báyìí."

Sànúsí gbọ́ èdè mẹ́rin: Yorùbá, Hausa, Twi àti òyìnbó, ó sì mọ bí a ti ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa òtítọ́ mọ́. Òun ni àwọn ará Ọ̀ffà máa ń mú dání bí wọ́n bá ń lọ sí ilé ìwòsàn tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó da Twi sílẹ̀, ó gùn, ó dùn, dókítà ń mi orí. Sùwéébátù ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, kò gbọ́ ọ. "N'ani so biri no," ni Sànúsí ń tẹnu mọ́.

"Kí ni ìyẹn ń jẹ́?"

"Pé ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Òòyì."

"Èmi ò wí òòyì! Mo ní ó dákú!"

"Fara balẹ̀, Ìyá Sàfúrátù. Ohun kan náà ni."

Irọ́ ni, kì í ṣe ohun kan náà, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Sùwéébátù bá dìde. "Dókítà! Piti! Safura, piti!" Ó na ìka méjì sókè, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dà wọ́ọ́ sára ògiri kó lè fi hàn án. Bírò dókítà dúró. Ó wo Sànúsí. Sànúsí rẹ́rìn-ín, ó wí nǹkan wẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Sùwéébátù tó mọ ohun tó wí: pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni, pé ó ń ṣa ọ̀rọ̀ kiri ìgboro bí ọmọdé ṣe ń mú tata.

Dókítà náà kò gọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Ó kọjú sí Sàfúrátù, ó bi òun fúnra rẹ̀. Sàfúrátù wo baba rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Wí fún un, ọmọ mi."

"Dabi," Sàfúrátù dá dókítà lóhùn. "M'ani so biri me kɛkɛ."

Àlejò yòówù kó jẹ́ gbọ́ "dabi." Rárá ni, òòyì lásán ni. Inú Sùwéébátù bàjẹ́ débi pé ó gbàgbé láti jókòó. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wọn, ó sì pe ẹni tó kàn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

"Kí ló dé tó o fi parọ́?" ó bi ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ìyá mi, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Mo fẹ́ràn Táhírù. Tí àwọn ìyá rẹ̀ bá gbọ́, wọ́n á ní aláìsàn ni mí. Lẹ́yìn yìgì, èmi fúnra mi máa sọ fún un. Wallahi."

Kí ni kí ìyá ṣe? Kó lọ sí Bantama lọ fi ẹnu ara rẹ̀ tú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ká? Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n tán, ta ni yóò tún dá a padà fún un lẹ́yìn ìyẹn? Kò lọ. Ó ń ṣọ́ ètè ọmọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́ yìgì, oòrùn mú, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ìyàwó fi nǹkan kan kan ẹnu. Nígbà tí àwọn ààfáà ti ṣàdúà tán, àwọn obìnrin fi ìbòrí bo Sàfúrátù, wọ́n fi orin mú un wọ táásì tí yóò gbé e lọ sílé ọkọ. Ìyá ìyàwó kì í tẹ̀lé ọmọ lọ sílé ọkọ. Sùwéébátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Afẹ́fẹ́ gbé ìbòrí díẹ̀, ó rí ètè náà. Ó ti funfun. Orí Sàfúrátù sì rọra ṣubú sí èjìká obìnrin kan tó jókòó tì í.

"Ẹ wò ó, ojú ń tì í!" ni obìnrin náà wí, ó sì gbá a mọ́ra.

"Ó ti dákú! Ẹ má lọ! Ó ti dákú!" Sùwéébátù ń fọwọ́ gbá ọkọ̀. Orin bo ohùn rẹ̀. "Piti! Suma! Ẹ gbọ́ o, piti!"

Sànúsí dì í mú lẹ́yìn. "Ó tó, Ìyá Sàfúrátù. Ilé ọkọ ló ń lọ, kò kú."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo abiyamọ ló ń sunkún báyìí. Ọkọ̀ ṣí, ó yà sọ́nà Bantama. Sùwéébátù já ara rẹ̀ gbà, ó sáré tẹ̀lé e títí dé ìkóríta, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà lọ́nà fún un, wọ́n ń kí i kú oríire.