Ìjókòó Iwájú

Ilẹ̀kùn ló ń ba Janelle lẹ́rù. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀, Verna Weimer, ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò lórí eré ní òpópónà márosẹ̀, tó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan síta kí Janelle tó fi ọrùn aṣọ fà á padà, kò tún jẹ́ kí ìyá náà jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ilẹ̀kùn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe fi mọ́tò rin ìrìn àjò láti Colorado lọ sí Fargo, níbi tí Janelle ń gbé. Ó ra ìjókòó ọlọ́lá méjì níwájú bàálù: ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí Verna bá dìde, orúnkún ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ètò náà dára. Ibi tó kù sí ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà.

Ní pápákọ̀ Denver, Marisol, obìnrin tó ń gba èrò wọlé, bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní bàálù ńlá ti bàjẹ́. Kékeré ni wọ́n gbé wá. Kò ní ìjókòó ọlọ́lá rárá, èrò sì pọ̀ ju ìjókòó lọ.

"Ẹni tó bá lè dúró di ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi. A máa ṣe yín lóore."

Ariwo ta. Àgbẹ̀ kan tó dé fìlà gbòòrò ló kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì.

"Bí mo bá ta màlúù kan fún èèyàn méjì, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa jù mí sí."

"Ẹ̀yin bàbá, màlúù yín kì í sọ pé òun ń bọ̀ kó má wá mọ́," Marisol dá a lóhùn. "Èrò ọkọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ta ìjókòó kọjá iye nìyẹn."

"Èmi ṣáà wá. Ẹ so mí mọ́ ìyẹ́ bàálù nígbà yẹn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Janelle kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ di báàgì mú pẹ́kípẹ́kí, ó ń wo bàálù láti inú gíláàsì.

"Ṣé gbogbo wọn ti wọlé?" Verna béèrè.

"Àwọn wo, Màmá?"

"Àwọn ọmọ."

"Wọ́n ti wọlé, mà."

Ó ti kọ́ láti má ṣe jiyàn mọ́. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, aláwọ̀ ìyeyè, ni Verna fi gbogbo ìgbà tó ní agbára wà kiri ìlú Greeley ní Colorado. Iṣẹ́ náà ní òfin tí a kò gbọdọ̀ fo. Bí ọkọ̀ bá dé òpin ìrìn, awakọ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ẹ̀yìn pátápátá, kó wo orí ìjókòó kọ̀ọ̀kan àti abẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tó sùn lọ má baà kù sínú ọkọ̀ kí òtútù sì pa á. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ kan ọwọ́ pupa tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé pàjáwìrì, láti mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Verna kò gbàgbé ọmọ kankan rí. Ó gbàgbé orúkọ ọkọ rẹ̀, ó gbàgbé ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn yẹn kò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Janelle bẹ Marisol. "Ìyá mi ò lè dá jókòó. Iyè rẹ̀ ti ń ra."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Mo lè fi ẹ̀yin méjèèjì sẹ́yìn pátápátá, ní òdìkejì ọ̀nà sí ara yín, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àbí kí Màmá jókòó síwájú gan-an, níbi tí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ti máa kọjú sí wọn, kí ẹ̀yin lọ sẹ́yìn. Nítorí pé iwájú lẹ san owó ẹ̀ ni mo ṣe pa á mọ́ fún yín."

Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí Janelle mú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ń wọ bàálù nílẹ̀ yìí ti gbà lọ́kàn pé iwájú ni iyì wà, ẹ̀yìn sì ni ìyà. Wọ́n ti rẹ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tó. Kò fẹ́ kí wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó mú iwájú.

Kò rò ó pé ìjókòó kan ṣoṣo, lápá òsì, níwájú gbogbo èrò, tí ilẹ̀kùn wà nítòsí rẹ̀, ibi iṣẹ́ ni fún obìnrin tó ti fi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹun.

Bryce ni orúkọ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ẹnu rẹ̀ dùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Èmi àti Màmá máa wo ojú ara wa bí àfẹ́sọ́nà."

"Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dìde."

"Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ojú sánmà la wà."

Janelle lọ jókòó sẹ́yìn. Irun funfun ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rí lókè ìjókòó. Bàálù gbéra. Ìjì orí òkè gbá a, ó gbọ̀n, báàgì ń lu ara wọn lókè orí. Janelle kò mọ ìgbà tó ti di apá ìjókòó mú. Kì í ṣe ìjì ni ó ń wò. Lẹ́yìn náà ni ìró ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí bàálù bá ti gòkè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìró bọ́ọ̀sì ṣe máa ń rọlẹ̀ tó bá dé.

Irun funfun náà gòkè. Verna ti dìde.

"Mà, ẹ jókòó!" Bryce kígbe. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó dìde, bàálù jù ú padà mọ́ ògiri. Verna kò tilẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń rìn nínú ohun tó ń mì. Ó di orí ìjókòó kan mú, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sí èkejì.

"Ẹ gbé báàgì yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, a ti dé."

"Sọ̀ kalẹ̀ síbo?" obìnrin kan béèrè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ mú ìyá yìí o!" ẹlòmíràn ké.

Ọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Verna dé àárín ọkọ̀, níbi tí fèrèsé pàjáwìrì wà. Àgbẹ̀ onífìlà ló jókòó síbẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ, ọmọ. Mo fẹ́ yẹ ọwọ́ pupa yìí wò."

"Ìyá àgbà, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ó gbá a mú lọ́rùn ọwọ́. Ọwọ́ kejì Verna ti kọjá lórí itan rẹ̀. Ìdérí tó bo ọwọ́ pupa náà dún kàá.

"Fi mí sílẹ̀! Iṣẹ́ mi ni!"

Wọ́n ti sọ fún Janelle rí pé kò sẹ́ni tó lè ṣí fèrèsé bàálù lókè. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó sì rí Bryce tó ń fà bọ̀ láti iwájú, okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọwọ́ èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá de ìyá rẹ̀ láàárín àjèjì, ìwọ̀nba iyè tó kù yóò lọ, kò sì ní padà.

"Màmá!"

Verna wò ó. Kò mọ̀ ọ́n.

Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni Janelle dàgbà sí. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí, á díbọ́n pé òun ti sùn, kó lè jẹ́ òun ni ìyá òun máa rí gbẹ̀yìn. Ó la ẹnu, ó sì pe ìyá rẹ̀ bí àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ṣe ń pè é.

"Mísì Verna! Ọmọ kan ṣì ń sùn lẹ́yìn níbí!"

Ọwọ́ náà kúrò lórí ohun pupa.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá," Janelle bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́."

Àgbẹ̀ náà tú u sílẹ̀. Janelle di ojú. Kò rí nǹkan kan mọ́. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, tó ń dúró ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, nítorí pé Verna kò fo ọ̀kankan. Nígbà kan, ìró náà dúró pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tó tutù bọ́ sórí rẹ̀.

"Ìwọ náà tún ni. Dìde, olóorun."

Bryce dé pẹ̀lú okùn rẹ̀. Janelle mi orí sí i pé kó má ṣe é. Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró, ó ń mí gúlegúle.

"Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá awakọ̀ bàálù, mà. Ọlọ́pàá máa dúró dè yín ní Fargo."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà fi okùn yẹn sápò."

Obìnrin tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ gba ìjókòó mi. Èmi ń lọ síwájú." Ó ti lọ kí wọ́n tó dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn tó.

Janelle fi ìyá rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó jókòó ní òdìkejì ọ̀nà, ó sì na ẹsẹ̀ dábùú rẹ̀. Bàálù tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Verna tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ni ìyá ẹ?"

"Verna Weimer ni, mà."

Verna ronú sí i.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ níbí, ẹnikẹ́ni ò sì ní fà mí sọ̀ kalẹ̀, títí ìyá ẹ fi máa wá mú ẹ."

Ojú rẹ̀ padà sí àárín ọkọ̀, síbi ohun pupa. Janelle kò ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò.