Awọ Tí Màámi Fi Àdí Pa

Lóru àná, àlá kan gbé mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú awọ òde ara tí gbogbo wa ti bọ́ sílẹ̀ láti kékeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì náà léfòó sórí omi ìwẹ̀ nínú báàfù ńlá kan, ọṣẹ dúdú tó ń hó ni wọ́n sì fi ṣe àga ibẹ̀. Mo jókòó, ó gbà mí dáadáa.

Ẹ̀dọ̀ mi ló wà níwájú mi níbi tí a tò sí. Mi ò bi í pé ta ló ṣẹ́ kù sínú ikùn mi. Ó fi awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bora.

Ó ní, “Tèmi kì í bọ́. Ẹ̀wù tí wọ́n fi bí mi náà nìyí.”

Mo ní, “O kú orí ire. Àwa tí a wà níta, kànìnkànìn ń bó wa lójoojúmọ́.”

Awọ tí mo wọ̀ ní kékeré ni mo bá wá, èyí tí Màámi máa ń fi àdí pa láàárọ̀ ọyẹ́ ní Ìkirè. Màámi ti lọ tipẹ́. Awọ tó wà lára mi báyìí ò mọ̀ wọ́n rí, àárò wọn sì ń sọ mí.

Ọ̀gá ibẹ̀ pè mí. Ọkùnrin onítáì ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́?”

“Awọ mi ni, ọ̀gá.”

“Awọ tàbí àwọ̀? Tó bá jẹ́ àwọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bóra.”

Kí ọ̀rọ̀ lè yé e yékéyéké, mo ní, “Èèpo ni. Èèpo ara mi.”

Irùngbọ̀n yẹn ì bá ti ta mí lólobó. Kí n tó pa ẹnu dé, ọ̀gá ti di òbúkọ, táì rẹ̀ ti di okùn ọrùn. Ó bẹ́ lọ síbi tí wọ́n sá awọ mi sí, ó ki etí awọ náà kan bọnu. Mo di etí kejì mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni mo wí, nítorí ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá, bó tilẹ̀ ní ìwo.

Awọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. “Àdìgún, fi mí sílẹ̀. Mo ti gbó.”

“Tí o bá lọ, kí ló tún kù tí Màámi fọwọ́ kàn?”

“Ṣé o rò pé ara mi ni àdí dúró sí? Ó ti wọlé lọ tipẹ́. Bi Ẹ̀dọ̀ léèrè.”

Ẹ̀dọ̀ gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo sunkún nígbà tí òbúkọ gbé e mì. Báàfù dojú dé, mo sì jí.

Òbúkọ aládùúgbò ń jẹ èèpo iṣu lábẹ́ fèrèsé. Òórùn àdí gba gbogbo ilé. Mo yọjú sí pálọ̀, mo bá ọmọ mi obìnrin, tí a bí lẹ́yìn tí Màámi lọ, tó ń fi àdí pa ọmọ rẹ̀ lára.

Ó ní, “Ọyẹ́ ti dé, Bàámi. Ọwọ́ tiyín náà ti funfun. Ẹ mú un wá.”

Yéwándé lorúkọ rẹ̀. Mo nawọ́ sí i.