Ìṣẹ́jú Méjì Níwájú Káńsù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ọsibítù ìlú Tolliver pa ni Odessa Pruitt ti ń kọ ìwé tó fẹ́ kà níwájú káńsù. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi se oúnjẹ fún ọmọ iléèwé, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Lamar, ọkọ rẹ̀, ló máa ń bá a tún ọ̀rọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n Lamar ti lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni káńsù fẹ́ dìbò. Wọ́n fẹ́ fi ilé ọsibítù náà ta ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ́rẹ, kí ó wó o, kí ó fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, kí ó má sì san owó-orí fún ogún ọdún. Ohun tí Odessa fẹ́ ni pé kí wọ́n fi ilé náà sílẹ̀ kí dókítà lè padà síbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fi ìpàdé sí, nígbà tí òṣìṣẹ́ ò lè kúrò níbi iṣẹ́. Síbẹ̀ gbọ̀ngàn kún.

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Alága ń mi orí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin. Nígbà tó kan ará ìlú, ó ní, "Ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí iná orí tábìlì yìí bá ti pọ́n, àkókò yín ti tó nìyẹn, ẹ jókòó."

Odessa dìde, ó sì ń kàwé. Kò tí ì parí ojú ewé kìíní tí iná fi pọ́n.

"Àkókò ti tó, Màmá."

"Wákàtí kan ni agbẹjọ́rò yẹn lò."

"Àlejò wa nìyẹn."

"Èmi ńkọ́? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àlejò ní àga, tí ẹ ń lé onílé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága gbá òòlù mọ́ tábìlì. Odessa fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó kà dé, ó yíjú sí Bernice onídìrí, tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀ nínú ìwé àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Bernice, ibi yìí ni mo dé."

Bernice dárúkọ ara rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun tirẹ̀. Ibi tí ìka Odessa wà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iná pọ́n. Cleophus awakọ̀ gba ìwé, ó ń kà á lọ.

"Èyí ò tọ̀nà!" ni Alága wí.

"Òfin wo ló ní kí n má kàwé?" ni Cleophus bi í.

Akọ̀wé tú ìwé òfin káńsù wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mi orí. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu mìíràn nìyẹn: pé ogójì máìlì ni ọsibítù tó kù wà, pé obìnrin mẹ́ta ti bímọ sẹ́bàá ọ̀nà.

Ó ku ojú ewé kan, ó sì ku orúkọ kan: Harlan Meeks. Aládùúgbò Odessa ni, òyìnbó tó kọjú àwòrán olóṣèlú tirẹ̀ sí fèrèsé Odessa, tí wọn ò sì kí ara wọn dáadáa mọ́ láti ìgbà ìbò. Láti ti ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn ló ṣe wá.

"Ọmọ mi nílò iṣẹ́," ni Harlan bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìwé tirẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ojú ewé ìkẹyìn Odessa, tí ẹni tó kà ṣáájú fi sílẹ̀ níbẹ̀. "Kí lo kọ nípa mi síbí?"

"Ojú ẹ ò kúkú fọ́. Kà á."

Ó kà á díẹ̀díẹ̀. "'Lọ́jọ́ tí àyà dun ọkọ mi, a pe ọkọ̀ aláìsàn, kò dé. Harlan ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e. A kọjá níwájú ọsibítù yìí. Wọ́n ti tì í pa. Lamar ṣì ń mí nígbà náà.'"

Iná pọ́n.

"Àkókò ti tó, Harlan."

"Mo rí i." Ó ká ìwé tirẹ̀ sápò. "Òótọ́ ni. Ó ń mí. Ó tiẹ̀ ń bú mi pé mo ń wakọ̀ bí ìyá àgbà. Ọmọ mi nílò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi máa ń ní ká mú ọ̀kan, iṣẹ́ tàbí ẹ̀mí, tí ẹ̀yin sì ń kó méjèèjì?"

"Jókòó!"

Kò jókòó. Bernice dìde. Cleophus dìde. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó wà lórí ìjókòó mọ́. Alága wo ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́pàá wo àjà. Àwọn kánsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Alága sì kéde pé ìbò di oṣù tó ń bọ̀.

Odessa lọ bá akọ̀wé. "Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí fún oṣù tó ń bọ̀ dà?"

"A ò tí ì ṣí i, Màmá."

"Ṣí i."

Ó kọ orúkọ rẹ̀. Harlan na ọwọ́ gba bírò. "Ẹgbẹ́ òṣèlú mi ni mo ṣì máa dìbò fún o."

"Ta ló bi ẹ́?" ni Odessa wí, ó sì gbé bírò lé e lọ́wọ́.