Igbá Tí Bàámi Gbìn

Bàámi kì í ṣe àgbẹ̀. Káfíńtà ni wọ́n, káfíńtà alágídí tí kì í jẹ́ kí orí ìṣó yọ lára iṣẹ́ wọn. Àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dìde, ọwọ́ òsì wọn kò lè di nǹkan mú mọ́, ẹnu wọn kò sì mọ adùn tàbí ìkorò mọ́. Iyọ̀ ni o, ṣúgà ni o, bákan náà ló rí lẹ́nu wọn. Omi ọbẹ̀ àti mílíìkì nìkan ni wọ́n ń mu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó ti fèrèsé, wọ́n ń wo ògiri, ẹ̀rù sì ń ba Màámi pé ayé ti sú ọkọ òun.

Igbá ló dá wọn padà. Kì í ṣe igbá tí a fi ń bu omi o, èyí tí a ń ká ní tútù, tí a ń bó, tí a ń fi ata àti epo sè ni. Wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo kan igi pọ̀ lẹ́yìn ilé kí ìtàkùn lè rí nǹkan gùn. Èmi tí mo bá wọn di igi mú rí èébú he, wọ́n ní igun rẹ̀ wọ́, bí ẹni pé ọba ló fẹ́ gorí ẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó so, ó sì dùn. Ọ̀kan tó gbó sórí ògiri ni wọ́n mú kóró rẹ̀ pamọ́. Lórí ògiri yẹn, ìtàkùn wa ti lọ́ mọ́ ti aládùúgbò, ẹni tó ń gbin igbá líle tó korò, tí wọn kì í jẹ, tó ń fín wọn tà. Oyin ń ti òdòdó kan bọ́ sórí èkejì. Ta ló kà á sí? Èmi gan-an sọ pé ó wuni í wò.

Lọ́dún kejì, Bàámi pè mí lórí fóònù, ohùn wọn ń dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àkọ́so kóró tí àwọn pamọ́ ti dé, àwọn gbé àga síwájú Màámi, àwọn ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Mo ní ṣé ó dùn? Ó ní ó dùn gan-an. Ó jẹ ẹ́ tán!"

Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màámi ń bì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo sáré lọ bá wọn ní ọsibítù. Dókítà ní tí òun bá mọ ohun tí wọ́n jẹ, òun á mọ ibi tí òun á gbà. "Ṣé wọ́n jẹ nǹkan tó korò?"

"Ìkorò kẹ̀?" ni Bàámi wí. "Igbá inú ọgbà mi ló jẹ, ó sì dùn. Ẹja ni, dókítà. Ẹja tí a rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja tó ń pàtẹ ní ìkóríta yẹn ni!"

Màámi gbọ́ ọ. Èmi ni wọ́n wò, wọ́n rọra mi orí. "Ẹ má bá ẹlẹ́ja jà," ni wọ́n wí. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, Màámi ti kú.

Àwọn tó wá kí wa sọ pé àrùn la lè wò, a ò lè wo ọlọ́jọ́. N ò gbà. Èmi àti Bàámi lọ bá ẹlẹ́ja níbi tó pàtẹ sí, ohùn tèmi ló sì ròkè jù. Apànìyàn ni mo pè é lójú gbogbo èèyàn. Ìyá náà ká àtẹ rẹ̀, a ò rí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Bàámi se igbá fúnra wọn, wọ́n gbé àga síwájú mi. Igbá tútù mẹ́ta wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì.

"Tàwọn ọmọ ẹ nìyẹn. Jẹun. Ohun tí ìyá ẹ fẹ́ràn ni."

Mo fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ìkorò náà fa ahọ́n mi dé ọ̀fun, mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Bàámi ti na ọrùn sí mi.

"Ṣé ó dùn?"

Mo rántí orí tí Màámi mì. Mo wo ọ̀rá tó wà fún àwọn ọmọ mi.

"Ó korò, Bàámi. Ó korò gan-an."

"Irọ́ lò ń pa. Ìyá ẹ jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n mú ẹyọ kan nínú àwo, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu. Wọ́n ń rún un, wọ́n ń wojú mi, wọ́n ń wá ìkorò náà káàkiri ẹnu wọn. Mo gba àwo náà lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n tu ú dànù. Wọ́n tu ú sílẹ̀.

"Mo bi í pé ṣé ó dùn," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń bi í."