Etí Ọ̀já Lórí Àpáta Ọṣẹ

Ọwọ́ méjì wà lẹ́yìn mi tí kò fẹ́ fara kàn mí. Ọ̀já ni wọ́n dì mú, etí ọ̀já méjèèjì tí mo so yọ ní ìbàdí ara mi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ẹni so ìjánu mọ́ ẹṣin. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Èékánná wọn dúdú, oríkèé wọn wú bí kókó ara igi. Bàbá rẹ ló ni wọ́n, ọkọ mi.

Òwúrọ̀ ni. Òjò àná ṣì ń kán lára ewé kòkó. Àwọn òkè Ìdànrè jókòó yí wa ká, wọ́n pá lórí, wọ́n ń dán, wọn ò bìkítà. Níwájú wa ni àpáta tí àwọn ará abà ń pè ní Ọṣẹ, nítorí ẹsẹ̀ kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Òkè wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì, àwa wà láàárín.

Ọkọ́ wà lóko, ọkọ wà ní Wàrì, èmi ni mo wà lórí ọkọ̀. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn, n ò fi iyọ̀ sí i.

Ọkọ̀ náà, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Táyà rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fun fèrè. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ rà á láti máa fi kó kòkó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbọn àwọn ọkùnrin abà dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí òkùnkùn kọ́, ìwàǹwára tiwọn ni. Èmi lọ jókòó tì í. Mo fọwọ́ kan ibi gbogbo lára rẹ̀, mo mú un rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni mú ewúrẹ́ tuntun wálé, títí ó fi gbọ́ èdè ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Kò sì sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi.

Alákàn ni wọ́n sọ ọ́, torí bó ṣe máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn lórí òkúta. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ojú Bàbá ńkọ́? Awọ funfun ti bò ó, bí ìkùukùu ṣe ń bo orí òkè. Òṣùpá méjì ló gbé sójú báyìí, kò sì sí èyí tó ń tàn fún un. Àwọn oníṣègùn ojú ti dé sí ìlú nísàlẹ̀, òní sì ni wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ. Wọ́n ní àwọn lè ká awọ náà kúrò. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́: kí ó tún rí kòkó nígbà tó bá pọ́n lórí igi, kí ó má máa fi ìka béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ èso.

O pè mí lórí fóònù, o ní kí n jẹ́ kí ọkùnrin gbé e. Ọkùnrin wo? Èyí tó wà ní Wàrì?

Àǹtí Fẹ̀hìntọlá, àbúrò Bàbá, dúró lẹ́nu ọ̀nà abà bí a ṣe ń gbéra, ó kawọ́ lérí, ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀yìn tí o fi ń pọnmọ, ṣé òun náà lo máa fi pọn bàbá wa?” Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni wọ́n dá mọ́ mi. Ẹni tó bá ní méjì nínú yín, kó yá wa ní ọ̀kan.” Àwọn ará abà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tẹ̀ lé wa dé ìdí igi obì, ó padà.

Ṣùgbọ́n Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ká a sápò, ó gba akoto irin lọ́wọ́ mi, ó dé e. Ó gun ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Ó wá ń wá ibi tí yóò fọwọ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ ń ràbàbà lójú afẹ́fẹ́, ó ń yẹra fún mi bí ẹni ń yẹra fún iná. Ìyàwó ọmọ ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, mo ń kúnlẹ̀, ó ń dáhùn. Kò fọwọ́ kàn mí rí, àfi ọjọ́ tó gbé e lé mi lórí tó fi wúre fún wa. Ìdí tí mo fi so ọ̀já nìyẹn, ọ̀já àbíkẹ́yìn wa, aláró, tí a ti fọ̀ títí tó fi rọ̀. Kí ó di aṣọ mú. Aṣọ kì í ṣe ènìyàn.

Mo ti sọ fún un pé, “Bàbá, bí mo bá tẹ̀ sí òkè, ẹ tẹ̀ sí òkè. Ẹ má bá mi jiyàn lórí àpáta. Tí a bá délẹ̀, ẹ lè bá mi jiyàn dalẹ́.” Ó ní, “Mo ti ń rin òkè yìí kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ.” Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Nítorí alákàn ń gun Ọṣẹ báyìí, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Èmi tẹ̀ sí ọ̀tún, síhà òkè, kí ìwúwo wa lè lẹ̀ mọ́ òkúta. Bàbá tẹ̀ sí òsì.

Bàbá tẹ̀ sí òsì, síhà ọ̀gbun, pẹ̀lú ìdánilójú, bí ẹni tó mọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókùnkùn. Táyà ọ̀tún gbéra. Ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń ronú. Mo tẹ bíréèkì. Mo ju gbogbo ara mi sí ọ̀tún. Táyà balẹ̀.

Báyìí, gbogbo nǹkan dúró.

Ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ wa bí oyin inú ihò. Àwòdì kan ń yí lókè, ó ń wò wá bí ẹni ń wo ẹran lórí àtẹ. Òkúta kékeré kan yọ̀ lábẹ́ táyà, ó ń lọ, ó ń lọ, a ò gbọ́ ìgbà tó dé. Èmi náà ń wò wá láti òkèèrè: obìnrin kan, arúgbó kan, irin kan, lójú àpáta. Àyà mi ò já. Ó lè já lọ́la, tí àyè bá wà.

“Ọ̀nà yà sí òsì níbí,” ni Bàbá wí lẹ́yìn mi. “Ní ìdí ìrókò. Ó máa ń yà sí òsì.”

Mo wo ibi tó ń wí. Pàlàpálá ni. Ilẹ̀ pupa tó ya, tó gbẹnu sílẹ̀, tí gbòǹgbò yọ síta rẹ̀ bí egungun. Òjò ọdún tó kọjá ló jẹ ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, ó jẹ ìrókò mọ́ ọn. Gbogbo abà ló mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún Bàbá. A ní kí a má bà á nínú jẹ́, a wá fi í sílẹ̀ kí ó máa rin ọ̀nà tí kò sí mọ́, nínú orí rẹ̀, láràárọ̀, ó ń yà sí òsì, ó ń yà sí òsì.

“Ọ̀nà yẹn ti kú, Bàbá,” ni mo wí. “Òjò gbé e lọ. Ojú yín ni ò bá wa sin ín.”

Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró, bí ti ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, tí òkú sì ti pẹ́ nílẹ̀.

“Ẹ fi ọ̀já sílẹ̀. Ọ̀já ò mọ ọ̀nà. Ẹ dì mí mú.”

“Ìyàwó ọmọ mi ni ọ́.” Ó sọ ọ́ fún afẹ́fẹ́, kì í ṣe fún mi. “Kí layé máa wí?”

“Ayé ò sí lórí àpáta yìí, Bàbá. Àwa méjì ni, àti àwòdì. Àwòdì ò sì ní wí nǹkan kan, á kàn jẹun.”

Omi kán lórí akoto. Omi tún kán.

Ọwọ́ ọ̀tún kọ́kọ́ fi ọ̀já sílẹ̀. Ó dúró lójú afẹ́fẹ́ pẹ́ títí, bí ẹyẹ tí kò tíì mọ ẹ̀ka tó máa bà lé. Lẹ́yìn náà ó bà. Ọwọ́ òsì tẹ̀ lé e. Wọ́n pàdé níwájú ikùn mi, ìka wọ inú ìka. Wọ́n wúwo. Wọ́n tutù. Àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi, irin akoto kan èjìká mi, mo sì gbọ́ ọkàn arúgbó kan tó ń lù, tó ń sáré, tó ń fà sẹ́yìn, tó tún ń lù.

Mo fọwọ́ sí i, alákàn gbéra.

Mo tẹ̀, ó tẹ̀. Mo nà, ó nà. Mo mí, ó mí. Kò bi mí ibi tí ọ̀nà yà sí. Ìbàdí mi ń wí, apá rẹ̀ ń gbọ́. Ọ̀tún ni, ó di ọ̀tún. Jẹ́jẹ́ ni, ó di jẹ́jẹ́. Bí a ṣe kọjá ẹnu ibi tó ya, atẹ́gùn tútù fẹ́ láti inú rẹ̀ wá, atẹ́gùn ilẹ̀ tuntun. Bàbá yí ojú sí i. Ó mọ̀. Kò tẹ̀ sí òsì.

Ọṣẹ tán. Iyẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Koríko ń gbá wa lẹ́sẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà dúdú yọ láàárín igi, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó máa gbé e dé ìlú ti ń dúró, awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Ó rí wa, ó rí apá bàbá ọkọ ní ikùn ìyàwó ọmọ, ó gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́nu. Kó máa wò. Ojú rẹ̀ ṣáà dá.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí omi tí a dà sórí iná.

“A ti délẹ̀, Bàbá.”

Ó gbọ́. Kò tú ọwọ́ rẹ̀.

“Ìrókò yẹn,” ni ó wí níkẹyìn, “ìhà ibo ló ṣubú sí?”

Mo ń sọ fún un. Mo ń sọ bí òjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ké, bí igi ṣe dojú kọ ọ̀gbun, tó lọ pẹ̀lú gbogbo ẹyẹ orí rẹ̀. Mi ò yára. Bàbá ń gbọ́, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọwọ́ méjì wà lára mi. Etí ọ̀já ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lápá ọ̀tún, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lápá òsì, kò sí ẹni tó dì í mú.